Omi Tí Pọ́ǹpù Kò Fà

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ ní Bàrígà, ní ọdún kejì lẹ́yìn tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí kì í mutí, kì í sì í parọ́. Ó ṣì ń gbé ní Pedro, nítòsí ibẹ̀. Bí ẹ bá bi í, ó lè má dáhùn, ṣùgbọ́n kò ní sọ pé irọ́ ni.

Ògúnmọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi tún pọ́ǹpù ṣe. Etí lásán ló fi ń mọ ohun tó ń ṣe pọ́ǹpù. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń pè ní iṣẹ́: adágún kékeré tó wà nínú ọgbà Màmá Bámilóyè, ọ̀gá ilé-ìwé àtijọ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí Akọ́kà. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ẹja mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní kòì, funfun tó ní àbàwọ́n pupa bí epo. Pọ́ǹpù á fa omi láti ìsàlẹ̀, á tì í sínú dúrọ́ọ̀mù asẹ́ tó kún fún fóòmù àti òkúta wẹ́wẹ́, omi á sì gba páìpù dà padà sínú adágún.

Ògúnmọ́lá ló ń fọ fóòmù. Òun ló ń yí fáàfù, ọwọ́ irin tó ń dín agbára omi kù. Bí omi bá sáré jù, á máa rẹ ẹja. Bí ó bá lọ́ra jù, wọn ò ní rí èémí mí. Òun nìkan ló mọ ibi tó yẹ kó dúró. Bí ó bá sì ti ki ọwọ́ bọ omi, àwọn ẹja á wá fẹnu kan ìka rẹ̀.

Àfìgbà tí Bọ́dúndé dé.

Àbúrò Màmá ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní itan ní ilé ìwòsàn Igbóbì ni, ó sì fẹ́ sinmi lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó tó padà sí Abẹ́òkúta. Ọ̀pá méjì tó ń kì sábẹ́ abíyá ló fi ń rìn. Láàárọ̀, á jókòó lẹ́bàá omi. Kò ní fún ẹja lóúnjẹ. Kò ní pè wọ́n. Á kàn ti ọwọ́ bọ omi.

Ní ọjọ́ kẹta, Ògúnmọ́lá dé, ó ki ọwọ́ bọ omi. Ẹja kankan ò wá. Gbogbo wọn wà lábẹ́ ọwọ́ Bọ́dúndé. Wọn ò mira.

"Ẹ wò ó, Bàbá Dọlápọ̀," Màmá wí fún Ògúnmọ́lá. "Àfi bí ẹni pé òun ló bí wọn."

Ògúnmọ́lá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ eegun.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ Màmá yí padà. Bọ́dúndé ní kí wọ́n dín omi kù. Bọ́dúndé ní omi yẹn ti tutù jù. Bọ́dúndé, tí kò mọ pọ́ǹpù yàtọ̀ sí ẹ̀rọ ìlọta. Ògúnmọ́lá á dé ilé, á ti oúnjẹ sẹ́yìn.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Bọ́dúndé lọ fi itan han dókítà. Ògúnmọ́lá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó yí fáàfù pa pátápátá. Ó kó gbogbo fóòmù inú dúrọ́ọ̀mù sínú àpò, ó gbé e lọ sílé. Kò fẹ́ kí wọ́n kú. Ó kàn fẹ́ kí omi dọ̀tí, kí ẹja máa yánu lókè omi, kí Màmá fi ìbẹ̀rù ránṣẹ́ pè é.

Ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́.

Nígbà tó di ọ̀sán Sátidé, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó lọ. Wọ́n ti mú iná lọ láti òwúrọ̀, jẹnẹrétọ̀ Màmá ò sì dún. Gbogbo ọgbà dákẹ́. Oòrùn mú ganrínganrín. Láti ẹnu géètì ló ti gbọ́ omi.

Omi ń dà lẹ́nu páìpù. Adágún mọ́ bíi dígí.

Ó di fáàfù mú. Pípa ló ṣì wà. Ó ṣí dúrọ́ọ̀mù. Inú rẹ̀ gbẹ. Ó fi wáyà fa pọ́ǹpù jáde kúrò nínú omi, ó gbé e dání. Ó tutù.

Omi ò dúró.

Bọ́dúndé wà lórí àga rẹ̀.

"Ta ló fọwọ́ kàn án?" Ògúnmọ́lá bi í.

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án."

"Iná ò sí."

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá ń ti omi?"

Bọ́dúndé ti ọwọ́ bọ omi. "Ẹ dá fóòmù wọn padà," ó ní wọ́ọ́rọ́. "Ojú ń tì wọ́n nítorí yín."

Ògúnmọ́lá ò sì tíì sọ fún ẹnì kankan, kódà ìyàwó rẹ̀ ò mọ ohun tó wà nínú àpò náà. Ó dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ wá gbé Bọ́dúndé lọ sí Abẹ́òkúta. Bí táyà ẹ̀yìn ṣe kọjá géètì, omi dákẹ́.

"Bàbá Dọlápọ̀," Màmá pè é, "iṣẹ́ yín ti dé o."

Ọ̀rọ̀ tó ti ń retí nìyẹn. Iná wà. Ó ṣí fáàfù, ó tan pọ́ǹpù. Ó fọwọ́ sí ibi tí omi ti ń bọ́ sínú páìpù. Omi ń tì í lọ́wọ́ gidigidi. Páìpù náà ò gùn ju apá méjì lọ. Ó lọ sí ẹnu rẹ̀ kejì. Gbígbẹ. Ó pààrọ̀ páìpù. Ibì kankan ò jò. Omi adágún ò dín kù, pọ́ǹpù ò sì yé fa omi.

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?" Màmá béèrè.

"Ó ń ṣiṣẹ́, mà."

Àwọn ẹja ò kú. Wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, wọ́n kọjú sí géètì. Oúnjẹ á rọra rì kọjá níwájú wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ògúnmọ́lá kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ omi láàárín wọn àti géètì. Ó pẹ́ níbẹ̀ títí ìka rẹ̀ fi hunjọ.

Wọ́n rọra gba ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n tún tò.