Ẹ̀wù-Ìrántí Fìjàbí Aṣọ́lé

Ẹ̀wù náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ gbọ̀ngàn, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ó gba àárín àwọn àga kọjá, ó dúró níwájú àwọn àgbà, ó tẹ eékún díẹ̀, ó sì na ọwọ́ òsì sí ẹ̀gbẹ́ gan-an bí Fìjàbí ti máa ń ṣe nígbà ayé rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn hó yèè. Obìnrin méjì bú sẹ́kún. Bàbá Adégòróyè, tó bí Fìjàbí, tí kò sì lọ síbi ìsìnkú rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn nítorí òbí kì í rí ibojì ọmọ, di apá àga mú.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ìlú tí à ń sọ. Òkè-Òtútù wà lórí òṣùpá kékeré kan tí yìnyín bò láti orí dé ìdí. Àwọn baba ńlá wọn ló gbéra láti ilé ayé wá síbẹ̀ láti máa gé omi dídì, ìlú náà sì ti lé ní igba ọdún. Abẹ́ òrùlé dígí ni wọ́n ń gbé, oòrùn ibẹ̀ kò sì ju àtùpà lọ. Eré kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀, ìyẹn họ́kì orí yìnyín. Ènìyàn mẹ́fà mẹ́fà á wọ bàtà abẹ, wọ́n á máa fi ọ̀pá lé rọ́bà pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní òkò, aṣọ́lé á sì dúró lẹ́nu àwọ̀n tí wọ́n ń pè ní ilé kí òkò má bàa wọlé. Ẹni tí kò bá mọ òfin eré yìí ní Òkè-Òtútù, àlejò ni, tàbí kí ara rẹ̀ má yá.

Ẹgbẹ́ Àṣá ni ẹgbẹ́ ìlú náà, àwọn tó ní ìjókòó ní pápá ló sì ni ín. Lọ́dọọdún, bí ìdíje bá ti parí, wọ́n á pé jọ fún Ìjókòó Ìsinmi, wọ́n á sì máa jiyàn lórí ẹni tí wọn yóò mú, ẹni tí wọn yóò fi sílẹ̀ àti ẹni tí wọn yóò fi ṣe pàṣípààrọ̀. Tọkọtaya mìíràn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún tí à ń wí yìí, ọ̀rọ̀ aṣọ́lé ló gbòde, wọ́n sì ti ń jà á bọ̀ láti àárọ̀ kí ẹ̀wù náà tó wọlé.

Ìyá Múfú, tó ń tọ́jú ẹ̀rọ omi gbígbóná ìlú, ló kọ́kọ́ dìde. “Ẹ jẹ́ ká fi ẹlẹ́yìn wa méjì pààrọ̀ aṣọ́lé ẹgbẹ́ ìlú Ìsàlẹ̀-Kòtò. Ọmọ yẹn ga, ọwọ́ rẹ̀ sì yá.”

“Ó ga ńkọ́?” Lámídì tó ń wa ọkọ̀ agéyìnyín dá a lóhùn. “Ṣebí òpó iná náà ga. Ẹ lọ hú u wá, kó máa ṣọ́lé. Ẹlẹ́yìn méjì! Bí wọ́n bá lọ tán, ta ni yóò dúró níwájú ilé? Ẹ̀yin àti páìpù omi yín?”

Ẹ̀rín sọ. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní ṣebí Ìtùnú wà níbẹ̀, àbúrò Fìjàbí lóbìnrin, tó ti ń ṣe igbákejì aṣọ́lé láti ọdún méjì. Ìtùnú fúnra rẹ̀ jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn, ó tẹrí ba.

“Ọmọ dáadáa ni,” Lámídì wí, “ṣùgbọ́n kì í ṣe Fìjàbí.”

Ibẹ̀ ni Ọ̀mọ̀wé Ṣijúwọlá, onímọ̀ ẹ̀rọ ìlú náà, ti nawọ́, tó sì ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀wù.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó ṣàlàyé fún wọn. “Ẹ̀wù-ìrántí ni mo pè é. Ó ti wo gbogbo àwòrán eré Fìjàbí. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́, ẹ̀wù ni yóò máa gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bí Fìjàbí ti ń gbé e. Àmọ́ àwòrán kì í sọ ìdí tí ènìyàn fi ń ṣe nǹkan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n ni ẹ ó sọ ìyẹn fún un. Ó ń gbọ́ yín báyìí o.”

Ni wọ́n bá tò síwájú ẹ̀wù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí ní kò rẹ Fìjàbí rí. Èyí ní ojú rẹ̀ tó òkò mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Múfú, tó jẹ́ pé òun ló bú Fìjàbí jù nígbà tó wà láyé, ní ọmọ náà kò ṣe àṣìṣe kan láti ọjọ́ tó ti dáyé.

“Ẹ kò tíì sọ àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo,” Ọ̀mọ̀wé Ṣijúwọlá wí.

“A kì í sọ̀rọ̀ òkú ní búburú níbí, dókítà,” Lámídì dáhùn.

Ọ̀mọ̀wé náà wá kọjú sí Bàbá Adégòróyè, ó kúnlẹ̀. “Bàbá, ẹ dákun. Nínú eré kọ̀ọ̀kan tí mo wò, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Fìjàbí máa ń kúrò lórí yìnyín, tí yóò wọ yàrá lọ, tí igbákejì yóò dúró dè é fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí ló ń lọ ṣe?”

Bàbá Adégòróyè mọ̀. Ikọ́ fée ni. Láti kékeré ni òtútù ti máa ń dí ọmọ náà ní èémí, oògùn ló sì máa ń wọlé lọ fà símú. Ikọ́ náà ló pa á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí bàbá sọ fún ìlú ni pé ó sùn, kò jí. Ìtùnú náà ní irú rẹ̀. Bàbá kò jẹ́ kí ó fa oògùn níbi tí ojú wà, kò sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ Àṣá mọ̀, nítorí ìdílé kan ti wá tọrọ ọmọbìnrin náà, àwọn èèyàn wọn sì ti ń wádìí kiri nípa ilé Adégòróyè. Bí wọ́n bá gbọ́ ikọ́ fée lẹ́nu ẹnikẹ́ni, wọ́n á ní àrùn ìdílé ni, wọ́n á sì gba ibòmíràn lọ.

“Abẹ bàtà rẹ̀ ló ń lọ pààrọ̀,” ó wí.

“Ṣé ìyẹn nìkan ni, Bàbá? Abẹ ẹ̀wù yìí kì í kújú. Bó bá jẹ́ torí abẹ nìkan ni, kò ní sí ìdí tí yóò fi kúrò lórí yìnyín mọ́, kò sì ní jẹ́ kí ẹni tó wọ̀ ọ́ kúrò.”

“Irọ́ ni mo ń pa ni, ìwọ ọmọ yìí? Nínú èmi àti ìwọ, ta ló bí i?”

“Ẹ má bínú, Bàbá.”

Ìbòjú ẹ̀wù tó ṣófo náà yí sọ́dọ̀ Bàbá Adégòróyè. Iná kékeré kan tàn nínú rẹ̀, ìyẹn ni pé ó ti gbọ́, ó sì ti gbà á. Ìtùnú wo bàbá rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ọmọ tí a kọ́ kì í já bàbá rẹ̀ nírọ́ láwùjọ, nítorí náà ó tún tẹrí ba. Wọ́n dìbò. Ìtùnú ni yóò wọ ẹ̀wù náà nínú eré ìdánwò kan pẹ̀lú Ìsàlẹ̀-Kòtò, lẹ́yìn èyí ni wọn yóò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì nílò láti mú aṣọ́lé mìíràn.

Ọjọ́ eré náà pé, pápá kún dẹ́nu. Ní ìdá kìíní, eré náà dùn débi tí àgbàlagbà fi ń fò. Òkò mẹ́rìnlá ni Ìsàlẹ̀-Kòtò gbá, ẹ̀wù náà gba gbogbo rẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí kọ orin Fìjàbí, tí wọn kò kọ láti ìgbà tó ti kú. Bàbá Adégòróyè náà kọ ọ́, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀, nítorí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń rí níwájú ilé yẹn. Kò rántí ẹni tó wà nínú ẹ̀wù.

Ní ìdá kejì ló rí i tí orí aṣọ́lé yí sí ẹnu ọ̀nà yàrá. Ẹsẹ̀ kan gbéra síbẹ̀. Ẹ̀wù náà dá ẹsẹ̀ ọ̀hún padà sáyè rẹ̀, ó sì yí orí náà síwájú. Kò pẹ́, orí tún yí. Ẹ̀wù tún dá a padà, jẹ́jẹ́, bí ìyá ti ń dá ọmọ tó ń sùn padà sórí ẹní. Orin náà ròkè débi pé ohùn ènìyàn kankan kò lè jáde láti inú ìbòjú yẹn. Bàbá Adégòróyè dìde. Ó wo Ọ̀mọ̀wé Ṣijúwọlá, tó jókòó nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí àwọn èèyàn ìdílé tó wá tọrọ Ìtùnú, ní ìjókòó iwájú, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń juwọ́ sí i. Ó juwọ́ padà, ó sì jókòó. Orí aṣọ́lé kò yí mọ́.

Ẹgbẹ́ Àṣá borí. Àwọn eléré Ìsàlẹ̀-Kòtò bọ ọwọ́, wọ́n lọ, ṣùgbọ́n aṣọ́lé Àṣá kò kúrò lẹ́nu ilé. Ó tẹ eékún, ó na ọwọ́ òsì, ó ń dúró de òkò. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá a mọ́ra, kò mì. Ọ̀mọ̀wé Ṣijúwọlá sáré bọ́ sórí yìnyín, ó gbìyànjú láti tú ìdè ẹ̀wù náà, ìdè kò ṣí. Ó sáré padà sọ́dọ̀ Bàbá Adégòróyè, ó ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

“Kò ní ṣí bí kò bá rí ìdí tí aṣọ́lé fi ń kúrò,” ó wí. “Kí n tó gé e, yóò tó wákàtí kan. Bàbá, mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run. Kí ni Fìjàbí ń lọ ṣe nínú yàrá yẹn?”

Gbogbo ojú wà lára rẹ̀, títí kan ti àwọn èèyàn ọkọ. “Ikọ́ fée,” ó sọ sínú ẹ̀rọ náà. “Fìjàbí, ikọ́ fée ló ń ṣe ọ́. Ó máa ń rẹ̀ ọ́. Èémí rẹ máa ń há, o sì máa ń wọlé lọ fa oògùn rẹ. Ikọ́ náà ló pa ọ́. Àbúrò rẹ náà ní in. Jẹ́ kí ó wọlé.”

Ẹ̀wù náà na eékún rẹ̀. Ó rọra yọ̀ lórí yìnyín wá sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ó jókòó lórí àga gígùn, àyà rẹ̀ sì là.

Ètè Ìtùnú ti dúdú. Nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ fọwọ́ kàn án lọ́rùn, ó sì mú ọwọ́ kúrò kíá. Ọ̀mọ̀wé Ṣijúwọlá wo ohun tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀, ó sì jókòó lulẹ̀. Láti ìdajì ìdá kejì ni ọkàn ọmọ náà ti dúró. Ẹ̀wù mọ̀. Ó wá ìdí láti gbé e kúrò, kò rí ju abẹ bàtà lọ, abẹ rẹ̀ sì ṣì mú ṣáṣá. Òkò mọ́kànlélógún ni òkú gbà lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ìlú sì ń kọrin fún un.

Lámídì gba àárín èrò wá, ó di Bàbá Adégòróyè mú, ó ń sunkún. “Akin ni, ẹ̀gbọ́n mi. Akin lóbìnrin ni. Ẹ̀rù kò bà á rí láyé—”

Bàbá Adégòróyè fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

“Ẹ̀rù bà á,” ó wí. “Láàárọ̀ yìí, lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìmúra, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, ‘Bàbá mi, ẹ̀rù ń bà mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sọ òótọ́ fún Dókítà Ṣijúwọlá.’ Mo ní kó má dójú tì mí. Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bẹ̀rù rí.”