Ẹ Má Fi Ìtìjú Pa Aláboyún Mọ́

Ilé mẹ́rin onítáyà, tí mọ́tò ń fà kiri, ni ìdílé Buckland tò sí pápá kan lẹ́yìn ìlú, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lementina ń po tíì lọ́wọ́ nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Harcourt, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, dé. Ó ní ilẹ̀ ìjọba ni wọ́n dúró sí láìgbàṣẹ. Ó wá béèrè bóyá aláìsàn tàbí aláboyún wà láàárín wọn.

"Ara gbogbo wa le," ni Nelson, ọkọ Lementina, fi dá a lóhùn.

Ara ta ló le? Kezia, ìyàwó ọmọ wọn, wà nínú ilé tòun ti oyún ìbejì olóṣù mẹ́jọ àti ẹ̀jẹ̀ ríru, ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú rẹ̀ kò sì jìnnà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín àwa Jípísì, ẹ̀yà tó ń kó láti ibì kan dé ibòmíì, obìnrin kì í sọ̀rọ̀ oyún lójú ọkùnrin. Lementina panu mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ìwé dé pé kí wọ́n kúrò kí ọjọ́ Ẹtì tó pé.

Inú bí Lementina. Ó pe Sinfi, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ agbẹ̀bí, ó sì ṣépè fún Harcourt títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ bò ó mọ́ ọn lójú, ẹ tún ń bínú pé kò rí i?" Sinfi ṣàlàyé pé ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ wádìí ìlera àwọn èèyàn kí wọ́n tó lé wọn, àti pé ẹni tójú bá ń tì lè ní kí wọ́n rán obìnrin sóun.

Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Wọ́n pe ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n rán obìnrin wá. Wọ́n ní obìnrin kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò ní dé títí di Ọjọ́ Ajé. Lementina bá dìde, òun àti Nelson wakọ̀ lọ. Ọkùnrin ló kún ibẹ̀. Lementina sọ̀rọ̀ lójú gbogbo wọn:

"Oyún ìbejì wà nínú ìyàwó ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Bẹ́ ẹ bá lé wa, ẹ lé e kúrò lọ́dọ̀ dókítà rẹ̀ nìyẹn."

Nelson bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ nìyàwó mi sọ. Èmi ni mo purọ́."

Ìjọba ìbílẹ̀ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i, omi, ilé ìgbẹ́ àti àpò ìdọ̀tí. Kezia bí ọmọbìnrin méjì láyọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa kó lọ, Nelson fọwọ́ ara rẹ̀ gbá pápá náà. Harcourt rìn ín yí ká, kò rí bébà kan he.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí wọ́n bá bi yín nípa aláìsàn, aláboyún tàbí ọmọ iléèwé, ẹ sọ ọ́. Bójú bá ń tì yín, ẹ béèrè fún obìnrin. Wọ́n lè má gbà ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n wọn ò lè ro ohun tí wọn ò gbọ́. Ẹ tọ́jú ibi tẹ́ ẹ dúró sí, kẹ́ ẹ sì lọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dá. Lementina ti kó lọ síbòmíì báyìí, ó gbórí sókè, ọmọ kan lápá ọ̀tún, ìkejì lápá òsì.