Fèrèsé Tí Ìyá Àgbà Ṣí

Ọmọ náà kò ṣàìsàn. Ara rẹ̀ kò gbóná, kò wúkọ́, kò kọ ọmú. Ìyá rẹ̀, Aránṣọ, tẹ́ ẹ sùn sí yàrá ọ̀tún lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó sì lọ bá ọkọ rẹ̀ ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn pálọ̀. Nígbà tó padà dé, Ìyá Àgbà ló bá nídìí ọmọ. Fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹyẹ dúdú kan sì fò kúrò lójú fèrèsé náà, ó bá òjò lọ. Ọmọ ti kú.

"Ìyá, kí lẹ fi ọmọ mi ṣe?"

"Ìyàwó mi, mo ní kí atẹ́gùn wọlé ni. Yàrá yìí ń fún mi lọ́rùn."

Ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, òun náà ni wọ́n sì fi mú un.

Ilé bàbá ọkọ ni ilé ọ̀hún. Iṣẹ́ tíṣà ni ọkọ Aránṣọ ń ṣe, Tíṣà náà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Àwọn méjèèjì ló pinnu láti fọwọ́ ara wọn tún ilé ṣe, láìpe bíríkìlà, láìpe káfíńtà. Tíṣà ń rẹ́ ògiri, Aránṣọ ń kun ọ̀dà, ó ń rán aṣọ fèrèsé, ó ń bo àwọn àga tí aṣọ wọn ti gbó. Pẹpẹ àkọ́kọ́ tí Tíṣà kàn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan débi pé ife kì í dúró lórí rẹ̀. Aránṣọ ní ó yẹ kí wọ́n wá ọ̀pá ìtìlẹ̀ fún un bí arúgbó. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rín pọ̀ nínú ilé náà nígbà yẹn.

Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n bá Ìyá Àgbà, àbúrò bàbá Tíṣà, ẹni tó tọ́ Tíṣà láti kékeré. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá ìjà sílẹ̀. Àwọn tó kọ́ ilé náà fi ihò sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé yàrá kọ̀ọ̀kan, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ sì ti sọ ọ́ di ilé. Nígbà tí ìgbẹ́ ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ba ọ̀dà tuntun jẹ́, Tíṣà po sìmẹ́ńtì, ó fẹ́ dí gbogbo rẹ̀ pa.

"Ẹ má dí i," ni Ìyá Àgbà wí. "Ṣé orí àwọn tó kọ́lé yìí dà rú ni?"

Wọ́n dí i. Òjò ò sì jẹ́ kí ògiri gbẹ, ni Tíṣà bá dáná èédú sínú ìkòkò onírin kan, ó gbé e sí àárín yàrá ọ̀tún kí ọ̀dà lè gbẹ. Èédú tó ti pọ́n kì í rú èéfín. Yàrá náà ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, òun nìkan sì ni yàrá tí kò sí eruku. Ìdí nìyẹn tí Aránṣọ fi tẹ́ ọmọ síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Alágbàfọ̀ tó ń gbé lódìkejì ọgbà ò pa á mọ́nú. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ló wí. "Ẹyẹ tẹ́ ẹ dí ojú ọ̀nà mọ́, màmá yẹn ló ṣí fèrèsé fún un. Àbí kí lẹ tún ń wá?"

Kí lẹ fẹ́ kí abiyamọ tó ń sunkún rò? Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn ẹyẹ á padà wá, wọ́n á máa fi ìyẹ́ gbá ojú ihò tí Tíṣà ti dí. Aránṣọ á di ọmọbìnrin rẹ̀ tó kù mú gírígírí. Ọmọ náà ò lè panu dé, ìdí rèé tí wọ́n fi ń pè é ní Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Aránṣọ gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà lẹ́yìnkùlé. Ó ń bá ẹyẹ sọ̀rọ̀.

"Ẹ máa lọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Wọn ò fẹ́ yín níbí mọ́."

Aránṣọ fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó wọlé tọ ọkọ rẹ̀ lọ. "Ọmọ kan ló kù fún mi. Ìyá yín tàbí ọmọ yín, ẹ mú ọ̀kan."

"Ìyá yẹn ló tọ́ mi o."

"Ẹ̀yin lẹ ṣì wà láàyè. Ọmọ tèmi ńkọ́?"

Tíṣà ru ẹrù Ìyá Àgbà lọ sọ́dọ̀ ìbátan wọn kan ní abúlé tó jìnnà. Ní ẹnu ọ̀nà, arúgbó náà bi í pé, "Ṣé ìwọ náà gbà á gbọ́?" Tíṣà sọ ẹrù náà kalẹ̀, ó sì pẹ̀yìn dà.

Òjò mìíràn dé. Yàrá òsì ló kàn, Tíṣà sì tún gbé ìkòkò èédú síbẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Aránṣọ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé mọ́ òjò, ó ń ká etí aṣọ fèrèsé, Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sì jókòó tì í, ó ń béèrè ìdí tí ìgbín fi ń gbé ilé rẹ̀ kiri. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Aránṣọ. Abẹ́rẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣàkíyèsí pé ẹnu ọmọ ti dákẹ́.

Ó pè é, kò jẹ́. Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ ò gbé e. Ó rákò, ó ń wọ́ ọmọ lẹ́yìn títí tó fi ti ilẹ̀kùn ṣí, tí wọ́n já síta. Nínú òjò níta, Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bì, ó sì figbe ta. Inú Aránṣọ dùn sí igbe yẹn ju orin lọ. Ìgbà náà ló bojú wẹ̀yìn. Kò sí arúgbó nínú yàrá, kò sí ẹyẹ. Èédú nìkan ló wà níbẹ̀ tó ń pọ́n.

Nígbà tí Tíṣà dé, Aránṣọ sọ fún un pé oró èédú inú yàrá tí wọ́n dí ihò rẹ̀ ló pa ọmọ wọn.

"Má wí bẹ́ẹ̀," ni Tíṣà ń sọ. "Bí kì í bá ṣe Ìyá, a jẹ́ pé èmi ni mo pa ọmọ mi."

"Àwa méjèèjì ni. Ẹ dìde, ká lọ mú Ìyá wálé."

Tíṣà ò dìde. Ó ní òun ò lójú tí òun máa fi wò wọ́n.

Aránṣọ mú ọmọ rẹ̀ dání, ó lọ sí abúlé náà. Àwọn ará ilé ìbátan náà júwe ahéré kan fún un lẹ́yìn ilé, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé. Ó fi ọmọ sí ẹnu ọ̀nà, ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin nítorí pé ìkúnlẹ̀ ò tó o.

"Ìyá, ẹ dárí jì mí. Èédú ni. A dí ihò afẹ́fẹ́, a sì dáná sínú yàrá. Ẹ ò mọwọ́, ẹ ò mẹsẹ̀."

Ìyá Àgbà ti gbẹ. Ó fọwọ́ kan orí rẹ̀ pẹ̀lú àánú.

"Inú ẹ dára, ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ́wọ́ fún wọn níbí pé èmi ni mo pa ọmọ náà."

"Ṣé wọ́n nà yín ni?"

"Rárá o. Mo rò ó síwá sẹ́yìn ni. Ọmọ tí mo tọ́ gbà á gbọ́. Ìwọ tí ò ń bu omi ìwẹ̀ fún mi gbà á gbọ́. Gbogbo yín ò lè máa parọ́ mọ́ mi. Ó ní láti jẹ́ pé ojú oorun ni mo ti ṣe é."

Aránṣọ sunkún, ó búra, ó tún gbogbo rẹ̀ là láti ìbẹ̀rẹ̀. Arúgbó náà kàn ń mi orí, bí ìgbà tí wọ́n ń rẹ ọmọdé lẹ́kún.

"Ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn?"

"Ọmọ yín ni. Ó fẹ́ kí yín."

Ìyá Àgbà sún sẹ́yìn títí tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. "Má jẹ́ kó wọlé. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi ṣe é."

"Ìyá Àgbà," Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń pè láti ìta, "ṣé kí n máa bọ̀?"