Ta Ló Jí Oògùn Ológbò?

Olè tó wọ ilé màmá kan, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, kò fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n, kò sì wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí wúrà màmá wà. Fíríìjì ló ṣí. Ó kó ìgò ínsúlínì méjì àti páálí abẹ́rẹ́ kan, oògùn àtọ̀gbẹ ológbò ilé náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹta rẹ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan dé ẹnu géètì. Sùúrù làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí pé kò ní in rárá. Màmá ṣí àgádágodo mẹ́ta kó tó wọlé, ó sì ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà lẹ́yìn rẹ̀. Irin wà lójú gbogbo fèrèsé. Ó ṣe Sùúrù bíi pé wọ́n ti ti òun náà mọ́lé.

"Pẹ́ńtà tó wá kun ilé ni!" ni màmá wí. "Òun nìkan ni àlejò tó wọlé lọ́jọ́ náà. Ó ti sun àtìmọ́lé ọjọ́ méjì, ẹ jẹ́ kó jẹ́wọ́!"

"Màmá, mo ti bá a sọ̀rọ̀. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń gún ológbò lábẹ́rẹ́. Nígbà tí mo sọ fún un, ẹ̀rín pa á títí ó fi rántí ibi tó wà."

Ọmọ màmá kan ṣoṣo, obìnrin ẹni ọdún méjìdínlógójì, jókòó nílé ìdáná, ológbò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òun ló ń tọ́jú ẹran náà. Sùúrù gba ìwé tó ń kọ iye ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ológbò sí. Aago mẹ́fà àárọ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́; nọ́ńbà, iye oògùn, bó ṣe jẹun sí. Ọdún méjì gbáko, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà, títí dé ọjọ́ tí oògùn sọnù, kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n fò. Lẹ́tà kan já bọ́ láti àárín ìwé náà. Ilé iṣẹ́ kan ní ìlú mìíràn ló ń pe obìnrin náà kó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

"Ṣé ẹ máa lọ, Àǹtí?"

"Ta ni yóò wá máa gún ológbò?" Kò gbójú sókè.

"Màmá ńkọ́?"

"Èmi kẹ̀?" Màmá ti ké láti pálọ̀. "Èmi tí mi ò lè wo abẹ́rẹ́! Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn."

Sùúrù wo ológbò náà. Irun rẹ̀ ń dán, ó ń fi ahọ́n tún ara rẹ̀ ṣe. Ó ní kí wọ́n yẹ ṣúgà rẹ̀ wò. Obìnrin náà ra etí ológbò títí ó fi móoru, ó gún bèbè rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yọ bíńtín, ó sì fi bébà ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà kàn án. Nọ́ńbà jáde. Kíá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

"Ọ̀ọ́dúnrún lé ní àádọ́ta," ó wí, ó sì pa ẹ̀rọ náà.

"Ẹ gbé e wá."

Sùúrù tẹ bọ́tìnnì tó ń mú nọ́ńbà tó kọjá padà wá. Ọgọ́jọ péré. Inú rẹ̀ kò dùn sí ohun tó rí, ṣùgbọ́n ó pe màmá wọlé.

"Mo ti bi dókítà ẹran," ó wí. "Bí ológbò yín kò bá gba abẹ́rẹ́ fún ọjọ́ méjì, ṣúgà rẹ̀ á ti kọjá ọ̀ọ́dúnrún, á máa mumi, á máa tọ̀ káàkiri. Ọgọ́jọ ló wà yìí. Ẹnì kan ṣì ń gún un ní oògùn tó sọnù, lásìkò rẹ̀ gan-an. Olè wo ló ń ṣí àgádágodo mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti wá tọ́jú ológbò onílé? Olè yín ò kúrò nílé, Màmá. Ẹ̀yin ń sá fún abẹ́rẹ́. Ẹni tó kù ló purọ́ nọ́ńbà fún mi."

Obìnrin náà dìde. Láti abẹ́ aṣọ ìdọ̀tí inú agbọ̀n, ó yọ fúláásìkì kan. Ìgò méjèèjì wà níbẹ̀, wọ́n tutù, aṣọ ni wọ́n fi wé yìnyín kó má kàn wọ́n.

"Irú oògùn yìí ò sí lọ́jà títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ó wí. "Mo rò pé bí oògùn bá sọnù, Màámi á gbé ológbò lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, wọ́n ní yàrá fún ẹran tó ń ṣàìsàn. Màámi kọ̀. Wọ́n fi àgádágodo kẹta kún géètì, wọ́n sì ní kí ọlọ́pàá mú pẹ́ńtà. Mo fẹ́ sọ, ẹnu mi ò ṣí. Ọ̀gá, ẹ tú ọkùnrin yẹn sílẹ̀. Ẹ mú mi."

"Kí lo fẹ́ tí mi ò ṣe fún ọ?" ni màmá bi í.

"Kí n lọ, Màámi."

Kí Sùúrù tó kọ ọ̀rọ̀ obìnrin náà sílẹ̀ tán, aago mẹ́fà ti lù. Ológbò fúnra rẹ̀ wá dúró níwájú wọn. Sùúrù na abẹ́rẹ́ sí màmá.

"Ó kàn yín."

Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kọ́ ìyá rẹ̀. "Ẹ kọ́kọ́ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò. Bí nọ́ńbà bá kéré, ẹ má gún un rárá. Bó bá ń gbọ̀n, ẹ fi oyin ra erìgì rẹ̀, kẹ́ ẹ pe dókítà. Ó yá, ẹ jẹ́ kó jẹun. Ìwọ̀n oògùn rẹ̀, yúnìtì méjì. Ẹ fa awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sókè."

Màmá ṣe bí ó ti wí, abẹ́rẹ́ sì wọlé. Ológbò kò tiẹ̀ gbórí kúrò nínú abọ́.

"Ṣé bó ṣe mọ náà nìyí?" ni màmá wí.

Omijé bọ́ lójú ọmọ rẹ̀, ó sì gbé ìwé ṣúgà lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, obìnrin náà bi Sùúrù pé, "Ṣé wọ́n máa ń jí èèyàn láago mẹ́fà ní àtìmọ́lé?"

"Ẹnikẹ́ni ò ní jí yín, Àǹtí."

Kí màmá tó ṣí àgádágodo kẹta géètì kí ọkọ̀ lè jáde, ọmọ rẹ̀ ti sùn lọ.