Orin Kẹwàá Inú Àwo Arletta

Ẹ lè pe ìtàn yìí ní ohun tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní irọ́. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Arletta Gaines fúnra rẹ̀ ló jókòó níwájú mi ní ilé onílé kan ní ìlú Mobile, tó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tó ti dákẹ́. Ọ̀sán gangan ni. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé mo ní láti fa àga mi sún mọ́ ọn.

Ní ọdún 1970, kò sí ilé aláwọ̀ dúdú kan ní Memphis tí wọn ò ti mọ Arletta. Ọmọ Macon ni, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ló ti bẹ̀rẹ̀, kí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Royce, tó ní ilé-iṣẹ́ àwo orin, tó gbọ́ ohùn rẹ̀ tó sì mú un wá sí Memphis. Àwo méjì tó kọ́kọ́ ṣe tà mọ níwọ̀n. Ẹ̀kẹta ló di ariwo. Ó ń gòkè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí ó fi gba ipò kìíní jákèjádò Amẹ́ríkà. Àwọn aláwọ̀ funfun ń rà á, àwọn aláwọ̀ dúdú ń rà á. Bí wọ́n bá já a sílẹ̀ ní ìsọ̀ láàárọ̀, kí ó tó di ọ̀sán, ó ti tán.

Arletta nìkan ni kò tíì gbọ́ ọ. Orin mẹ́sàn-án ló kọ sínú rẹ̀. Bó ṣe parí ìkẹsàn-án ni wọ́n pè é láti ilé pé ìyá rẹ̀ ti kú. Ó gba Macon lọ, ó sìnkú, ó sì jókòó ti Corinne ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ìgbà tó fi máa padà sí Memphis, orúkọ rẹ̀ ti gba ìlú.

Royce mú un lọ sí ìsọ̀ àwo ńlá kan kí àwọn èèyàn lè rí i. Ibẹ̀ kún. Ìyá àgbàlagbà kan di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀.

"Ọmọ mi, orin ìkẹyìn yẹn. Mi ò lè gbọ́ ọ kí n má sunkún."

"Èwo nínú wọn, Mà?"

"Èyí tí ìyá dúró lẹ́nu géètì, tó ń pe ọmọ rẹ̀ wọlé."

Arletta rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ìyá náà ti fi òun pe ẹlòmíràn ni. Ṣùgbọ́n oníṣọ̀ọ́bù náà ti gbọ́. Ó yí àwo sí ẹ̀yìn, ó sì gbé abẹ́rẹ́ lé ibi tí orin náà ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ìlù. Kò sí gìtá. Wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ èémí ẹnì kan. Lẹ́yìn náà ni ohùn Arletta jáde.

Ohùn rẹ̀ ni, kò sí àní-àní. Bó ṣe máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀, bó ṣe máa ń há lọ́fun díẹ̀ bó bá fẹ́ gun òkè. Ṣùgbọ́n kò kọ orin náà rí. Kò gbọ́ ọ rí. Ní àárín rẹ̀, ohùn náà rọlẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀: "Pidge. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Wọlé."

Ìyá Arletta nìkan ló ń pè é ní Pidge, bó bá ku àwọn méjèèjì. Corinne pàápàá ò mọ orúkọ náà.

Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Arletta ti ń wá ọ̀nà ìta.

Nínú mọ́tò, ó bi Royce léèrè. "Ọ̀gá Royce, ta ló kọ orin yẹn?"

"Orin wo?"

"Ìkẹwàá."

"Ìwọ náà ni. Àbí o ti gbàgbé?"

"Ẹ má bá mi ṣeré, ẹ jọ̀ọ́."

Royce wò ó. "O wọlé wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan. O ní ká pa iná. O ní kí ẹnikẹ́ni má bá ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré lo kọ ọ́, o sì jáde. Dewey ló gba ohùn rẹ sílẹ̀, bi í."

"Sọ́ńdè wo?"

Ó sọ ọ́. Sọ́ńdè tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ ni.

Bó ṣe délé ló tẹ Corinne láago. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Sísítà, ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Ẹ sọ fún wọn. Etí sàréè la jọ wà. Ẹ di ọwọ́ mi mú."

"Mo di ọwọ́ mú," ni Corinne wí. "Ọwọ́ náà tutù, Arletta. Ó tutù ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rò pé ẹkún ló fà á."

Láti ọjọ́ yẹn, Arletta ò gbà láti kọ orin ìkẹwàá níbikíbi. Àwọn èèyàn ń pariwo pé orin yẹn ni àwọn wá gbọ́, ó ń bọ́ sílẹ̀ lórí ìtàgé. Nígbà tó yá, kò jáde mọ́. Ó bo fèrèsé. Ó pa rédíò, ṣùgbọ́n ti àwọn aládùúgbò ò kú. Gbogbo ibi ló ti ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń pè é wọlé.

Bẹ́ẹ̀ ló wà nígbà tí Dewey pè é. Dewey ló ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ nílé ìgbohùnsílẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ ń jẹun pọ̀.

"O gbàgbé gèlè rẹ síbí," ni Dewey wí. "Ṣé kí n bá ẹ tọ́jú ẹ̀ dọ̀la?"

"Mi ò wá síbẹ̀, Dewey."

Dewey rẹ́rìn-ín. "Ó ti rẹ̀ ẹ́. Sùn dáadáa. Èyí tí o kọ láàárọ̀ yìí, ó máa ta ju ti àkọ́kọ́ lọ."

Ní ọjọ́ kejì, Arletta wọ mọ́tò, ó wà á lọ síbẹ̀. Oòrùn mú. Ilẹ̀kùn ìta ò tì. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń rùn fún kọfí àti sìgá, bó ṣe máa ń rùn. Kò tíì rìn jìnnà tó fi gbọ́ orin. Ohùn rẹ̀ ni. Ó ń bọ̀ láti yàrá inú lọ́hùn-ún.

Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ. Gíláàsì wà lára ilẹ̀kùn náà. Ó rí Dewey tó jókòó ti ẹ̀rọ. Níwájú Dewey, gíláàsì kejì wà, tó kọjú sí yàrá tí wọ́n ti ń kọrin. Wọ́n ti pa iná ibẹ̀. Nǹkan kan dúró nínú òkùnkùn náà.

Dewey yíjú, ó rí Arletta.

Ó wò ó. Ó wo yàrá orin. Ó tún wo Arletta.

Orin dúró.

"Dewey," ni ohùn náà wí láti inú òkùnkùn, "ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà?"

Arletta fẹ́ dáhùn. Ó fẹ́ sọ pé òun ni. Ó la ẹnu, èémí nìkan ló jáde. Ó fi ọwọ́ lu gíláàsì.

Dewey ń wò ó. Omi ti ń dà lójú ọkùnrin náà. Ó na ìka, ó tẹ bọ́tìnì tó fi ń bá àwọn akọrin sọ̀rọ̀.

"Kò sí ẹnikẹ́ni, Arletta," ló wí.

Ó dìde, ó sì yí kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn.

Arletta ò mọ bó ṣe wa mọ́tò dé Macon. Corinne gbà á sílé, kò bi í ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ń padà sẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n orin ò padà. Royce ò pè. Kò sẹ́ni tó wá a. Àwo tuntun jáde, òun náà tún gba ipò kìíní, àwòrán Arletta sì wà lára páálí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, ó lọ ra ìyẹ̀fun àgbàdo. Ọmọbìnrin tó ń tajà tẹjú mọ́ ọn.

"Àǹtí, ẹ jọ Arletta Gaines gan-an."

"Wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó ń bọ̀ níbí ní Sátidé. Wọ́n sọ ọ́ ní rédíò. Ó ní òun fẹ́ wá kí ẹ̀gbọ́n òun."

Arletta fi ìyẹ̀fun sílẹ̀ lórí káńtà, ó sáré délé. Corinne wà ní ilé ìdáná, ó ń gé ewébẹ̀ sínú ìkòkò. Arletta sọ ohun tó gbọ́ fún un. Corinne ò gbé orí sókè.

"Mo mọ̀," ló wí. "Ó ti pè mí."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún àbúrò mi? Mo ní kó máa bọ̀ wá jẹun."

"Èmi ńkọ́, Sísítà?"

Corinne fi ọ̀bẹ lélẹ̀. Ó yíjú sí i, ó sì wò ó títí, bí ẹni ń wo àlejò tí a ò mọ ẹni tó rán an wá.