Ìloro Tí Kò Kí Ẹnikẹ́ni

Ọdún mẹ́rìnlá ni àwọn ará Òkè-Ayé fi retí eré kan, wákàtí mẹ́ta péré ni wọ́n fi kórìíra rẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Ìlú onírin ni Òkè-Ayé, ó ń fò yí ayé ká lófuurufú, kò sì sí ohun tí àwọn Yorùbá tó ń gbé ibẹ̀ fẹ́ràn tó eré Ìloro Ọgọ́fà. Aṣíborí-àlá ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí èèyàn bá ti dé e, yóò bá ara rẹ̀ nínú agbolé ńlá kan tó ní ọgọ́fà ìloro, yóò sì máa wá ọ̀nà àtijáde. Àgbà kan jókòó ní ìloro kọ̀ọ̀kan. O ò gbọdọ̀ kọjá láìkí i. Bí o bá sì kí i, yóò fi oríkì rẹ dá ọ lóhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní ohùn ẹni tó bá kì í sínú ẹ̀rọ fún ọ.

Ohùn ìyá Morẹ́nikẹ́ ló wà nínú tirẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí ìyá náà ti kú. Morẹ́nikẹ́ fúnra rẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta ọdún, òun sì ni Ìyá Ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ eré náà, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ.

Lọ́jọ́ tí apá kejì eré náà, èyí tí wọ́n ti ń retí, jáde, ó dé aṣíborí, ó kúnlẹ̀ ní ìloro àkọ́kọ́, ó ní ẹ kú ìjókòó, bàbá. Bàbá náà ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ní ìloro kejì, bákan náà ni. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ó ti gba ọgọ́fà ìloro kọjá, ẹnì kan ò pè é lórúkọ. Ó dùn ún wọra.

Inú bí gbogbo ẹgbẹ́. Wọ́n ní wọ́n ti rẹ́ àwọn jẹ, wọ́n sì rán Morẹ́nikẹ́ sí Ọ̀mọ̀wé Ládépò, olórí àwọn tó ṣe eré náà. Ó bú ọkùnrin náà tẹ́rùn. Ládépò dọ̀bálẹ̀, ó gbọ́ ọ tán, ó wá ṣàlàyé pé ìkíni ló gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àká-ohùn, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń tọ́jú ohùn sí, àwọn sì ti yọ ọ́.

“Ta ló ní kẹ́ ẹ yọ ọ́?”

Ó na lẹ́tà kan sí i. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n kọ ọ́: ìkíni ti sú wa, ẹ yọ ọ́ kúrò kí eré lè yá. Ọ̀kẹ́ méjì èèyàn ló tẹ̀ka sí i. Àtẹ̀ka Morẹ́nikẹ́ ló ṣíwájú. Ó rántí ọjọ́ náà dáadáa, ọjọ́ tí àna rẹ̀ fi ìloro kan ṣoṣo borí rẹ̀ nínú eré nítorí pé ohùn ìyá rẹ̀ kò tíì kì í tán. Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà ni yóò fi lọlẹ̀.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní kò burú, òun yóò padà sí apá kìíní, kí òun máa gbọ́ ìyá òun níbẹ̀.

Ládépò wolẹ̀. “Ìyá, orí àyè apá kìíní ni apá kejì jókòó sí, ó ti pa á rẹ́. A kọ ìkìlọ̀ rẹ̀ sójú aṣíborí kẹ́ ẹ tó gba apá kejì wọlé. Kò sẹ́ni tó kà á. Ohùn bàbá tèmi náà ti lọ.”

Ó ní ọ̀rọ̀ oríkì ò tíì sọnù, bí ìyá bá lè kì í fúnra wọn, àwọn á tún fi kọ́ ẹ̀rọ. Ó gbé ẹ̀rọ ìgbohùn síwájú rẹ̀.

Morẹ́nikẹ́ tún gèlè rẹ̀ ṣe.

“Àwẹ̀ró, ọmọ arìnnà-má-gbàgbé-ilé…”

Ó dúró. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró síbẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn lẹ́tà náà ni wọ́n fi bọ́tìnì kan sínú apá kìíní, tí wọ́n fi ń fo oríkì bí ojú bá ń kán èèyàn. Ibẹ̀ ni Morẹ́nikẹ́ ti máa ń tẹ̀ ẹ́.