Ìwé Tí Wọn Kò Tíì Fi Àmì Sí

"Ṣé èmi ni mo ní kó o máa sàba lórí ìwé bí adìẹ? Ẹni tó bá pẹ́ dé ọjà ẹran Oko Ọba, egungun ló máa rà!"

Ọmọ́bọ́láńlé ló ń bá ìyálé rẹ̀ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nínú ilé ìtẹ̀wé ọkọ wọn ní Agége. "O" ló ń pè é! Sùlíyá tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ níṣẹ́!

Ọdún mẹ́ta ni Sùlíyá fi kọ ìwé nípa ìyá rẹ̀. Òun ló sì mọ ìgbà tí wọ́n ń gbé ìwé tuntun tọ àwọn onífíìmù lọ. Ó di ìgbà tí àmì ohùn bá pé lórí gbogbo ọ̀rọ̀, tó ku oṣù mẹ́ta kí ìwé jáde, kí ìwé àti fíìmù lè jọ gbéra. "Ọbẹ̀ tí kò tíì jinná, ẹni tó bá bù ú ló ń bà á jẹ́," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí.

Ṣùgbọ́n olè kì í ní sùúrù! Ọmọ́bọ́láńlé jí ẹ̀dà àkọ́kọ́, tí kò ní àmì kankan, nínú dúrọ́ọ̀ Sùlíyá, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó gbé e lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Dàwódù, onífíìmù, n'Íkẹjà. Ta ló fún un ní kọ́kọ́rọ́? Kàsúmù, ọkọ àwọn méjèèjì! Ojú ò tì í!

Nígbà tí Sùlíyá gbọ́, ó kúnlẹ̀ níwájú Kàsúmù. "Bàbá Mukhtar, ẹ̀yin náà mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́."

"Ẹlẹ́rìí rẹ dà?" Kàsúmù kọjú sí fèrèsé. "Ilé mi ni wọ́n ti kọ ọ́, ẹni tó wù mí ni mo fún. Ọ̀gbẹ́ni Dàwódù ń bọ̀ wá tọwọ́ bọ̀wé lónìí. Má dójú tì mí!"

Kí ni Sùlíyá ìbá ṣe? Ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ bá ti sẹ́ ẹ? Ó lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó di ẹ̀dà tó ń fi báírò pupa sàmì sí mọ́ àyà, omijé ń kán sórí rẹ̀.

Dàwódù dé. "Màdáámù, ìwé yín pa mí lẹ́kún! Ẹ sọ díẹ̀ fún mi nípa rẹ̀ kí n tó tọwọ́ bọ̀ ọ́."

Ọmọ́bọ́láńlé tún gèlè ṣe. "Ẹ ṣé, sà. Ìgbà Ìyá Mi, ayé àtijọ́ ni mo fi kọ ọ́. Ìgbà ìyá mi dùn gan-an, sà!"

Dàwódù dáwọ́ báírò dúró. "Ìgbà kẹ̀? Igbá mà ni! Igbá tí ìyá náà ń rù kiri Dópèmú, tó fọ́, tí wọ́n rán! Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin!"

"Ẹ̀... ẹ̀rọ ni kò fi àmì sí i, sà..."

"Ṣé àmì ni ìyá ọmọ fi ń mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ ni?"

Sùlíyá dìde. Ó tẹ́ ẹ̀dà ọwọ́ rẹ̀ síwájú Dàwódù: *Igbá Ìyá Mi*, àmì rẹ̀ pupa fòò.

"Ta ló rán igbá náà?" Dàwódù bi í.

"Èmi ni, sà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Òwú dúdú ni mo fi rán an, torí kò sí funfun nílé."

Dàwódù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bó ṣe wà nínú ìwé gẹ́lẹ́ nìyẹn! Ọmọ́bọ́láńlé gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, gèlè lọ́wọ́.

Kàsúmù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Iṣẹ́ Èṣù ni, sà!"

"Iṣẹ́ yín ni!" Dàwódù na báírò sí Sùlíyá kó tọwọ́ bọ̀wé.

Kò gbà á. "Ó ku ojú ewé mẹ́rìnlélógún tí mi ò tíì sàmì sí, sà. Ìgbà rẹ̀ ò tíì tó."

"Màá dúró, màmá."

Sùlíyá wá yíjú sí ọkọ rẹ̀ nílẹ̀, ó na ọwọ́.

"Bàbá Mukhtar, kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ mi."